Ìgò Tí A Ṣí Nígbà Tó Ṣì Tutù

"Kò mì, mà. Ẹ wò ó, kò tilẹ̀ yẹ̀ níwọ̀n orí abẹ́rẹ́."

Oníbéèrè na ìka sí ojú kọ̀ǹpútà. Ìlà kan ló wà níbẹ̀, tó ń lọ gbọọrọ bí ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀, títí tó fi dé àárín, níbi tó ti yọ ṣóńṣó sókè bí òkè kan ṣoṣo. Ibi tí ṣóńṣó náà wà lánàá kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ló wà láàárọ̀ yìí. Ká ní iṣẹ́ náà yọrí ni, ì bá ti sún sápá ọ̀tún, nítorí purotéènì tó bá ti ru ẹrù máa ń wúwo ju èyí tí kò ru nǹkan kan lọ.

Ìyá Òṣùwọ̀n dúró lẹ́yìn àga rẹ̀. Ó wo ìlà náà.

"Bóyá ká tún un wọ̀n."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti wọ̀n ọ́n láti aago méje, mà."

Orúkọ àpèlé ni orúkọ àwọn méjèèjì. Ọdún kejìlélógún rèé tí Ìyá Òṣùwọ̀n ti ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá ìwádìí náà. Òun ló ń po kẹ́míkà, òun ló ń wọ̀n ọ́n, ọwọ́ rẹ̀ sì ni kọ́kọ́rọ́ fírísà wà. Wọ́n ní bí èèyàn bá fún un ní iyọ̀ tí kò ju ìyẹ́ eṣinṣin lọ, á ti sọ bó ṣe wúwo tó kó tó gbé e sórí òṣùwọ̀n. Oníbéèrè ní tirẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n tó ń ṣe ìwádìí láti gba oyè ọ̀mọ̀wé. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé, ó dá ọkùnrin tó ń nulẹ̀ dúró, ó bi í léèrè ìdí tí omi ìnulẹ̀ fi ń hó. Láti ọjọ́ náà ni orúkọ ti mọ́ ọn lórí.

Iṣẹ́ tó ti ń bá jà láti ọdún mẹ́ta kò ṣòro láti sọ, ṣíṣe rẹ̀ ló le. Purotéènì kan wà tó lè dá àrùn jẹjẹrẹ mọ̀ nínú ara, bí ìyá ṣe ń dá ohùn ọmọ rẹ̀ mọ̀ láàárín igba ọmọ. Bí a bá so oògùn mọ́ ọn, á gbé oògùn náà tọ àrùn lọ tààrà, kò ní máa dà á sára ibi tó dá ṣáká. Ṣùgbọ́n ojú kan péré ló yẹ ká so ó mọ́. Bí a bá lẹ oògùn mọ́ ọn káàkiri, á dà bí alárù tí wọ́n di ẹrù bò lójú, kò ní mọ ọ̀nà mọ́. Ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n fi ń ṣe ìsopọ̀ náà ni gbogbo wọn ń pè ní asomọ́. Apá rẹ̀ kan di oògùn mú. Apá kejì ní eyín, ojú kan ṣoṣo yẹn ni eyín náà sì ń bù jẹ lára purotéènì. Tó bá ti bù ú, kì í tú u sílẹ̀ mọ́. Oníbéèrè ló ya àwòrán asomọ́ náà sórí ìwé, Ìyá Òṣùwọ̀n ló bá a sè é, oṣù mẹ́rìnlá gbáko, títí ó fi dá wọn lójú.

Purotéènì ọ̀hún ló wọ́n bí ojú. Ilé ìwádìí mìíràn ló ṣe é fún wọn, oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì ti ní àwọn kò ní ṣe òmíràn. Túùbù kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù ni Oníbéèrè lò lánàá. Omi inú rẹ̀ kò tó èyí tí àlùbọ́sà ń gbà lójú ẹni tó ń gé e.

"Ó ti yé mi," Oníbéèrè wí. "Ibi tí mo ní kó bù jẹ, kò rí i bù. Mo kàn ń fi agbọ̀n pọnmi láti ọdún mẹ́ta ni. Aago méjì ni mo máa rí Ọ̀gá. Màá ní kó fún mi ní iṣẹ́ mìíràn. Tí kò bá sí, kí n máa lọ ilé bàbá mi."

Omijé dé. Ó gbé ọwọ́ sójú láti nù ún.

"Yọ ìbọ̀wọ́ kó o tó nujú," Ìyá Òṣùwọ̀n wí. Ohun tó máa ń sọ fún gbogbo wọn nìyẹn, ẹnu rẹ̀ sì ti sọ ọ́ jáde kí ọkàn rẹ̀ tó mọ̀. Lẹ́yìn náà ó yí padà, ó jáde.

Yàrá fírísà ló gbà lọ. Ó ṣílẹ̀kùn, ó mú ìgò asomọ́ tó ṣí lánàá, ó gbé e sókè sí iná. Ìyẹ̀fun tó yẹ kó máa ṣàn bí iyanrìn ti dì mọ́ ìdí ìgò bí iyọ̀ tó rí òjò. Ohun tó ti ń fura sí láti ìgbà tó ti rí ìlà orí kọ̀ǹpútà náà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ yìí.

Ní aago mẹ́wàá àná ló gbé ìgò náà jáde. Òfin rẹ̀ kò le: ẹ gbé e kalẹ̀ fún wákàtí kan, títí á fi lọ́ wọ́ọ́rọ́ bíi yàrá, kẹ́ ẹ tó ṣí i. Bí ara ife omi tútù ṣe máa ń làágùn, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni inú ìgò tí a bá ṣí nígbà tó ṣì tutù ṣe máa ń làágùn, omi sì ni ọ̀tá asomọ́. Eyín rẹ̀ ló ń jẹ. Ìyá Òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀ ló kọ òfin náà sára ilẹ̀kùn fírísà, pẹ̀lú lẹ́tà ńláńlá.

Ìgò kò tíì lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí tábìlì tí fóònù fi dún. Aránṣọ tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wọn ni.

"Ẹ má jẹ́ kí àyà yín já o, mà. Ọ̀dọ̀ mi ni Màmá wà. Ibùdókọ̀ ni mo ti rí wọn, pẹ̀lú aṣọ ìwọ̀sùn, wọ́n gbé báàgì dání. Wọ́n ní obìnrin kan ń rọbí, pé wọ́n ń dúró de àwọn. Wọn ò gbà láti jókòó."

Agbẹ̀bí ni ìyá Ìyá Òṣùwọ̀n fún ọdún méjìdínlógójì. Ìdajì àwọn tó ń rìn kiri àdúgbò wọn, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n bọ́ sí kí wọ́n tó bọ́ sáyé. Ọdún kan àti oṣù méjì rèé tí ọkàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣáko lọ síbi iṣẹ́ àtijọ́.

"Ẹ sọ fún wọn pé obìnrin náà ti bímọ," Ìyá Òṣùwọ̀n wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó fi ọwọ́ bo ẹnu mọ́ fóònù kí ará ọ́fíìsì má gbọ́. "Tìyá tọmọ ló wà láàyè."

Ó gbọ́ bí Aránṣọ ṣe sọ ọ́ lọ́hùn-ún. Ó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀: "Akọ ni àbí abo?"

"Abo, mà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti gé ìwọ́?"

"Wọ́n ti gé e, mà."

"Mò ń bọ̀," Ìyá Òṣùwọ̀n wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti ilẹ̀kùn." Bó ṣe sọ fóònù sápò ló ṣí ìgò náà. Ó wọn asomọ́, ó dé ìgò, ó gbé èyí tó wọ̀n fún Oníbéèrè, ó ní eyín ń dun òun, òun fẹ́ lọ rí dókítà eyín. Ó sì sáré lọ.

Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣe ìyá rẹ̀ níbi iṣẹ́. Ó ń bẹ̀rù kí wọ́n má sọ pé ọwọ́ rẹ̀ kò dúró mọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó bà á lẹ́rù jùyẹn lọ ni kí ẹnìkan máa pe ìyá òun ní arúgbó tó ń ṣarán. Ó wá tẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ bí ẹni tó jókòó lórí àpótí tí kò fẹ́ kí ìdérí rẹ̀ ṣí.

Ní yàrá fírísà láàárọ̀ yìí, ìgò lọ́wọ́, èrò kan wá sí i lọ́kàn, kò sì pariwo. Ta ló máa mọ̀? Á da ìyẹ̀fun náà nù, á fọ ìgò. Oníbéèrè gbọ́n, ọ̀dọ́ ni, á rí iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ìyá Òṣùwọ̀n gbé ìgò náà lọ síbi ọpọ́n ìfọ̀nǹkan lóòótọ́. Ó ṣí ẹ̀rọ omi, ó dúró, omi ń ṣàn. Ó pa á dé.

Ó fẹ́ kó dá òun lójú ná. Ó bu díẹ̀ nínú ìyẹ̀fun tó ti dì náà, ó pò ó mọ́ purotéènì ẹyin, èyí tí kò wọ́n, tí wọ́n fi ń dán nǹkan wò. Asomọ́ tó lágbára kì í gbà ju wákàtí kan lọ lórí ẹyin. Nígbà tó di aago kan ọ̀sán, ó gbé e sínú ẹ̀rọ ìwọ̀n. Ṣóńṣó ẹyin dúró lójú kan bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀.

Ó padà sí yàrá iṣẹ́ kíákíá. Oníbéèrè ti palẹ̀ tábìlì rẹ̀ mọ́ tán. Ó ti kó àwọn ìwé rẹ̀ jọ, ó ti tò wọ́n sínú páálí. Túùbù kan ṣoṣo náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti yọ ìdérí rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ dẹ̀gbẹ́ sórí ìgò ìdọ̀tí.

"Má dà á nù!"

Oníbéèrè fò sókè. Díẹ̀ ló kù kí túùbù bọ́. Ìyá Òṣùwọ̀n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó dé e, ó tì í sínú yìnyín. Lẹ́yìn náà ló fa àga, ó jókòó.

"Jókòó, ọmọ mi. Asomọ́ rẹ kò lẹ́bi. Èmi ni mo pa á." Ó sọ gbogbo rẹ̀: ìgò tútù, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìyẹ̀fun tó dì, ẹyin tó fi dán an wò. Kò wí àwáwí kankan, kò sì dárúkọ ìyá rẹ̀.

Oníbéèrè jókòó, ó ń bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀.

"Ẹ rí mi tí mò ń sunkún láàárọ̀," ó wí. "Ẹ dúró tì mí. Ẹ ní kí n yọ ìbọ̀wọ́."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ìyá Òṣùwọ̀n lára ju èébú lọ.

"Bẹ́ẹ̀ ni. Mo ṣe é. Jọ̀ọ́, má bínú. Ṣùgbọ́n kí o tó dá mi lóhùn, gbọ́ èyí ná. Asomọ́ tí omi ti jẹ eyín rẹ̀, ṣé ó lè bu nǹkan jẹ?"

Oníbéèrè gbójú sókè. Ó wo yìnyín. Ó wo túùbù. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀díẹ̀.

"Kò lè bù ú. Kò... Kò fọwọ́ kan purotéènì náà rárá!"

"Bó ṣe wà lánàá ló ṣe wà."

"Ó ṣì wà níbẹ̀! Mo fẹ́ dà á nù, mà!" Ó di orí mú, ó rẹ́rìn-ín, ó tún ń sunkún, méjèèjì pọ̀. Lẹ́yìn náà ló fa àga tirẹ̀ súnmọ́ ọn, ó sì bi í ní ìbéèrè tí kò lè ṣe kó má bi. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ òfin yẹn sára fírísà, kí ló lé yín débẹ̀?"

Ìyá Òṣùwọ̀n wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ronú nípa dókítà eyín. Ó ti rẹ̀ ẹ́.

"Ìyá mi ni," ó wí.

Àwọn méjèèjì ló jọ wọlé tọ Ọ̀gá lọ ní aago méjì. Ọ̀gá kì í ṣe ẹni tí ẹ̀rín ń yá lẹ́nu. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń fi etí ẹ̀wù nù ún.

"Ìyá Òṣùwọ̀n, láti ọdún méjìlélógún tá a ti jọ wà, èmi ti ba iṣẹ́ jẹ́ lójú yín lẹ́ẹ̀mélòó?"

"Mi ò kà á, sà."

"Ẹ kà á. Ẹ kàn ò fẹ́ sọ ọ́ ni." Ó gbé awò padà sójú. "Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, ẹ má yọ nǹkan kan kúrò. Ẹni iwájú jìn sí kòtò, ará ẹ̀yìn á kà á níbẹ̀. Eyín tó ń dùn yín ńkọ́?"

"Kò sí eyín tó ń dùn mí, sà."

"Mo mọ̀. Ìgbà karùn-ún rèé lọ́dún yìí. Ẹ ò leyín tó bẹ́ẹ̀." Oníbéèrè fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. "Ta ló wà lọ́dọ̀ Màmá báyìí?"

"Aránṣọ ìsàlẹ̀ ilé wa ni, sà."

"Láti òní lọ, tí wọ́n bá pè yín láti ilé, ẹ gbé ìgò sílẹ̀ kẹ́ ẹ máa lọ. Ìgò ò lẹ́sẹ̀. Á dúró dè yín."

Ìyá Òṣùwọ̀n dúpẹ́. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó jáde.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Wọ́n da omi inú túùbù sínú asẹ́ kékeré kan tí ihò rẹ̀ há tó bẹ́ẹ̀ tí purotéènì kò lè gbabẹ̀ kọjá, tí asomọ́ tó ti kú sì ń ṣàn lọ sísàlẹ̀. Wọ́n fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Nígbà tí wọ́n wọn èyí tó kù, bí a bá pín in sí mẹ́wàá, mẹ́sàn-án wà níbẹ̀. Ìyá Òṣùwọ̀n wá lọ gbé ìgò asomọ́ kejì, tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí, láti ìsàlẹ̀ fírísà. Ó gbé e sórí tábìlì. Wọ́n jókòó tì í, bí ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ tó ń sùn.

"Wákàtí kan," Oníbéèrè wí.

"Wákàtí kan. Má fọwọ́ kàn án."

"Báwo ni Màmá ṣe rí, kí nǹkan yìí tó bẹ̀rẹ̀?"

Kò sẹ́ni tó ti bi í ní ìbéèrè yẹn rí. Ìyá Òṣùwọ̀n ronú díẹ̀, ó sì sọ bí ìyá òun ṣe máa ń ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀, tí á bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, tí á sì sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ iye èèyàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kún ayé. "A máa ń kí wọn káàbọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi á pàtẹ́wọ́."

"Ẹ ní ẹ̀gbọ́n?"

"Ọkùnrin kan. Ìlú mìíràn ló ń gbé. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló máa ń pè mí."

"Kí lẹ máa ń sọ fún wọn?"

"Mo máa ń ní Màámi wà dáadáa."

Oníbéèrè na ọwọ́, ó gbé e lé ọwọ́ àgbàlagbà náà, ó sì fi í síbẹ̀. Wọ́n ń wo ara ìgò bó ṣe ń làágùn, tí òógùn náà ń gbẹ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi gbẹ pátápátá.

Nígbà náà ni Ìyá Òṣùwọ̀n ṣí i. Ìyẹ̀fun inú rẹ̀ ń ṣàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Oníbéèrè kò lè wo kọ̀ǹpútà. Ó kọjú sí ògiri, ó fi ọwọ́ bojú.

"Ẹ bá mi wò ó, mà. Ṣé ó mì?"

Ìyá Òṣùwọ̀n tẹ orí mọ́lẹ̀ sójú ẹ̀rọ náà. Ṣóńṣó àtijọ́ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọ̀kan péré ló wà, ó ti sún sọ́tùn-ún. Ó ṣírò bó ṣe jìnnà sí ibi àtijọ́ tó, bó ṣe máa ń ṣe, láìkánjú.

"Ẹrù kan," ó wí. "Kì í ṣe méjì, kì í ṣe ààbọ̀. Ẹrù kan ṣoṣo ló rù."

Igbe tí Oníbéèrè ké mú ọkùnrin tó ń nulẹ̀ ju ọ̀pá ìnulẹ̀ sílẹ̀. Ó di Ìyá Òṣùwọ̀n mọ́ra, ó gbé e nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ló kéré jù nínú àwọn méjèèjì.

"Gbé mi kalẹ̀ o! Ẹ̀yìn mi!" Ìyá Òṣùwọ̀n ń pariwo, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run nígbà tó délé. Ìyá rẹ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, aṣọ rẹ̀ mọ́, Aránṣọ ti bá a di irun rẹ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀.

"O ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Màámi."

"Irọ́ ni. Ojú rẹ ti wọnú."

Ìyá Òṣùwọ̀n jókòó sórí ilẹ̀, ó gbé ẹ̀yìn ti orúnkún ìyá rẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni, kì í ṣe ọjọ́ Àìkú. Ó mú fóònù, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ìwọ lo pè lónìí!" Ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dùn. "Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé Màámi wà dáadáa?"

"Rárá, Ẹ̀gbọ́n."

Lọ́hùn-ún, ẹnìkan pa rédíò.

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti lé lọ́dún kan."

"Ọdún kan. Ìwọ nìkan?" Ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti yí padà. "Ọmọ ìyá mi, kí ni mo ṣe fún ọ tí o ò lè sọ fún mi?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni. Mo rò pé tí mi ò bá sọ ọ́, kò tíì rí bẹ́ẹ̀."

"Gbé fóònù fún wọn."

Ó gbé e sí etí ìyá rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ dì í mú níbẹ̀.

"Ta nìyẹn?" ni ìyá rẹ̀ wí. Ó tẹ́tí. "Ọmọ mi? Ọmọ mi kò sí nílé." Ó tún tẹ́tí fún ìgbà pípẹ́, ojú rẹ̀ sì rọ̀. "Má sunkún, ọkọ mi. Ọ̀nà ni ó jìn? Kò burú, máa bọ̀. Bó bá di alẹ́ kó o tó dé, kan ilẹ̀kùn. A máa ń ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ẹni tó bá ń bọ̀."

Ìyá Òṣùwọ̀n gba fóònù padà.

"Ọjọ́ Àbámẹ́ta," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wí, ó ń fa imú. "Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Mi ò tíì mọ ọjọ́ tí mo máa padà. Sọ fún mi, báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀?"

Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ti wà ní orí rẹ̀, ó ń wá ibi tí irun rẹ̀ ti tú, ó ń tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ìyá Òṣùwọ̀n na ẹsẹ̀ sórí ilẹ̀.

"Àárọ̀ ọjọ́ kan ni," ó wí. "Wọ́n wọ bàtà wọn, wọ́n ní àwọn ti pẹ́ jù, àwọn ń lọ síbi iṣẹ́. Mo rò pé wọ́n ń ṣàwàdà ni..."